Ẹyẹ Ké ní Port Harcourt, Àwa Sùn sí Àbújá

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí nọ́ńbà kan ti ń gbé inú orí mi bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. 93. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, títí ìyàwó mi fi ní bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́ ni, kí n yáa lọ ta á kí ilé sinmi. Mo ní nọ́ńbà tẹ́tẹ́ kì í kọjá 90. Ó wò mí títí. "Ẹ ti wádìí ẹ̀ nìyẹn."

N kì í ta tẹ́tẹ́. Pápákọ̀ òfuurufú Àbújá ni mo ti rí nọ́ńbà náà, ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí mò ń lọ sí Àkúrẹ́ fún àìsùn bàbá mi àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló sì rán mi níléèwé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Èmi ni ẹbí ní kí n dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Aago 1:30 ọ̀sán ni bàálù wa yẹ kó gbéra, ìrìn tí kò tó wákàtí kan. Mo ti ṣírò ẹ̀: ma á dé, ma á wẹ̀, ma á jẹ iyán, ma á tún sùn díẹ̀ kí àìsùn tó bẹ̀rẹ̀.

Aago 1:30 di 3:00, 3:00 di 4:15. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn, gbólóhùn kan náà tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n ń sọ: "operational reasons". Ká sọ ọ́ ní èdè wa, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Bàálù rèé!

Nǹkan bí aago 5:20, bàálù kan balẹ̀, ó rọra yí wá síwájú gíláàsì ibi tí a jókòó sí. Èrò inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ara wa yá gágá. Ìyá kan tó ti ń tòògbé láti ọ̀sán dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. A tò. Ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbohùngbohùn bá tún ké: wọ́n ti fagi lé ìrìn Àkúrẹ́, kí a má bínú.

Bàálù tí kò wá rárá, èèyàn lè gbà á fún Ọlọ́run. Èyí tó dé, tí a fojú ara wa rí, tí wọ́n wá ní kò lọ mọ́, ìyẹn ju ohun tí èèyàn lè gbé mì lọ. "Bàálù rèé níwájú wa!" "Awakọ̀ dà? Ẹ pè é wá!" Ọkùnrin kan ti ń ká fídíò. N ò ní purọ́, èmi náà wà lára àwọn tó pariwo jù. Mo lu kántà. Mo ní kí wọ́n gbé wa lọ bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí wọ́n ń wò? Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn, "ẹ gbé wa lọ bẹ́ẹ̀", wà lọ́kàn yín. Mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹnu kántà yẹn náà ni mo ti rí i. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní bébà kan níwájú, gbogbo ìrìn ọjọ́ náà ló wà lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó fi báírò kọ 93. Orúkọ tó fi há àyà jẹ́ orúkọ ilé wa, nígbà tí ariwo sì rọlẹ̀ díẹ̀, mo fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, kí ni 93?"

Ó fọwọ́ bo bébà náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tiwa lásán ni."

"Ṣé ìdí tí a ò fi lọ nìyẹn?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn ò ní ká máa sọ ọ́ ni."

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wọ bàálù káàkiri. Èrò mi láti ọjọ́ yìí wá ni pé bí wọn ò bá sọ ìdí fún wa, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n ni. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìdí ń bẹ, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n tiẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi bò ó.

Àbújá ni mo sùn sí. Mo tẹ ọ̀rọ̀ mi sórí WhatsApp, àbúrò mi kà á níbi àìsùn láti inú fóònù rẹ̀. Wọ́n ní ó kà á dáadáa, àfi ibi tí bátìrì ti fẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà sí Ọ̀wọ̀ kò ní bi mí pé kí ló dé tí n ò fi wọ mọ́tò lálẹ́. Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì ni mo wọkọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti ń bu iyẹ̀pẹ̀.

93 lọ́mọ, ta ni bàbá?

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Ẹnjiníà. Bàálù ló ń tún ṣe, iléeṣẹ́ tó gbé wa sùn yẹn kọ́ ni tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ nọ́ńbà náà fún un, ó rẹ́rìn-ín tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ilé wọn ni. Ó ní IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ló ṣètò àwọn nọ́ńbà náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè gbọ́ ara wọn yé yálà wọ́n wà ní Èkó tàbí ní Tókíò. Bí epo ló fa ìdádúró, 36. Bí ara bàálù ò bá yá, 41. Bí ẹyẹ bá kọ lù ú tàbí mànàmáná, 51. Bí ojú ọjọ́ ò bá dára níbi tẹ́ ẹ ti ń gbéra, 71; bó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ń lọ, 72. Nọ́ńbà wà fún èrò tó ti gba bọ́ọ̀dìn-páàsì tán tó wá lọ ń jẹ súyà níta tí gbogbo ọkọ̀ ń dúró dè é.

"93 wá ńkọ́?"

"93 ni pé bàálù tó fẹ́ gbé yín pẹ́ kó tó dé láti ibi tó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, àbúrò: 93 kì í ṣe ìdí. Ọmọ ìdí ni. Nígbàkúùgbà tó o bá rí i, bi í pé ta ni bàbá ẹ̀."

Ó ṣí Flightradar24, ìkànnì tó ń tọ ipasẹ̀ bàálù, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ń sanwó fún un, nítorí náà ó lè wo ibi tí bàálù gbà lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ó bi mí ní ọjọ́, ó bi mí ní aago, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran lọ sínú igbó.

Bàálù wa kúrò ní Èkó ní nǹkan bí aago 6:45 àárọ̀, ó balẹ̀ sí Port Harcourt kó tó di aago 8:00. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti padà sí Èkó ní 8:30. Kò kúrò àfi 11:20. Bọ̀dá fi ìka lu ojú kọ̀ǹpútà. "Bàbá ẹ̀ nìyí." Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní Port Harcourt lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

"Ẹyẹ ni."

Ẹyẹ kan wọ inú ẹ́ńjìnnì bí bàálù ṣe fẹ́ balẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi àkísà nù kúrò. Ẹnjiníà ní láti yẹ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ti okùn tó ní kámẹ́rà lẹ́nu bọ inú rẹ̀, kó wá ojú àpá, kó kọ ohun tó rí sínú ìwé, kó sì fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àwọn ẹnjiníà má sáré. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè lọ́la, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i ló wà nínú ìwé.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí mo ṣe ń ronú òwe yìí lọ́wọ́ ni Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín lójú mi. Ó ní ara ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n má sọ òótọ́ fún èrò nìyẹn. Kí wọ́n sọ fún bàálù tó kún fún ọmọ Yorùbá tó ń lọ síbi òkú pé ẹyẹ ló dá wọn dúró! Ìdajì ò ní wọlé mọ́. Ìdajì yòókù á máa wá ẹ̀gbọ́n ìyá wọn tó ránṣẹ́.

Bàálù kan, ìlú márùn-ún

Ṣùgbọ́n ẹyẹ jẹ wákàtí mẹ́ta péré. Ọ̀sán ni bàálù fi padà dé Èkó. Báwo ni ẹyẹ aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣe wá pa ìrìn ìrọ̀lẹ́?

Ìdáhùn náà wà nínú bí wọ́n ṣe to ọjọ́ bàálù náà. Èkó sí Port Harcourt, Port Harcourt sí Èkó, Èkó sí Àsàbà, Àsàbà sí Àbújá, Àbújá sí Àkúrẹ́, gbogbo rẹ̀ fún bàálù kan ṣoṣo, ìsinmi díẹ̀díẹ̀ láàárín. Bó bá ti pẹ́ níbì kan, kò sí ibi tó ti fẹ́ rí àkókò náà gbà padà. Nígbà tó dé Èkó, àyè rẹ̀ lórí ìlà epo ti kọjá, ó tún tò. Nígbà tó fẹ́ kúrò ní Àsàbà, wọ́n ti ojú òfuurufú Àbújá nítorí pé ẹni ńlá kan ń kọjá. Bó ṣe wá balẹ̀ síwájú wa ní 5:20, tí a rò pé ìgbàlà dé, ó kù kí wọ́n gbálẹ̀ inú rẹ̀, kí wọ́n bu epo sí i, kí wọ́n kó wa wọlé. Kò lè gbéra kó tó di aago mẹ́fà. Kò lè dé Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àkúrẹ́ sì wà lára àwọn pápákọ̀ tó ń tìlẹ̀kùn bí oòrùn bá ti wọ̀ nígbà náà.

Mo ní kó tún un sọ. Gbogbo ariwo tí a pa, fídíò tí wọ́n ká, kántà tí mo lù, orí iná ni gbogbo rẹ̀ wá já sí. Ká ní iná tó tó wà lójú rọ́ńwè, ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, tí òṣìṣẹ́ tó ń darí bàálù sì wà lẹ́nu iṣẹ́ di alẹ́, à bá ti balẹ̀ ní aago méje, ǹ bá sì dé ibi àìsùn pẹ̀lú gèlè àwọn ìyá náà tó ṣì dúró ṣánṣán. Àkúrẹ́ nìkan kọ́ lọ̀ràn náà. Èkó pàápàá, tó jẹ́ Èkó, rọ́ńwè 18L tí àwọn bàálù abẹ́lé ń lò wà láìní iná fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìparí ọdún 2022. Nígbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàálù tó ń bọ̀ láti Ẹnúgu á lọ balẹ̀ sójú rọ́ńwè kejì, ní ìhà àwọn tó ń lọ òkè òkun, á wá fi ẹsẹ̀ rìn padà wá síhà abẹ́lé, epo á máa jó lọ.

Mo tún bi í pé bàálù mìíràn ńkọ́? Ṣé iléeṣẹ́ ò ní àpọ̀jù kan níbìkan ni? Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àyẹ̀wò ńlá tí bàálù máa ń ṣe lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa ń gbé e lọ, dọ́là ni wọ́n sì ń san. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Kí oṣù Èrèlé 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Iléeṣẹ́ tó gbé bàálù lọ fún ìtọ́jú nígbà tí dọ́là kò tíì tó 500, owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta kó tó ṣetán. Bàálù náà á wà níbẹ̀ bí aṣọ tó wà lọ́wọ́ télọ̀ tí a ò rówó lọ gbà. Tìkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni wọn ò dẹ́kun àtimáa tà. Níbi yìí ni èmi àti Bọ̀dá ò ti fẹnu kò: ó ní bí wọn ò bá tà, wọn á wó. Èmi ní bí bàálù mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ mẹ́rin, ẹ ò gbọdọ̀ máa pe wàhálà tó bá tìdí ẹ̀ jáde ní ẹyẹ.

Ti epo, gbogbo wa la rí i. Lítà epo bàálù tó jẹ́ nǹkan bí 190 náírà tẹ́lẹ̀ gun 700 nígbà tí ọdún 2022 fi máa di oṣù Èbìbí. Àwọn onílééṣẹ́ bàálù tiẹ̀ kéde pé àwọn á dá gbogbo iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 9 oṣù náà, kí wọ́n tó yí ọkàn padà.

Àwọn tí kò dúró

Mo ní ma á padà wá bá "ẹ gbé wa lọ bẹ́ẹ̀".

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 2005, bàálù Sosoliso kan gbéra láti Àbújá lọ sí Port Harcourt. Òjò àti ẹ̀fúùfù wà níbi tó ń lọ. Àwọn tó ṣèwádìí ní awakọ̀ ń bá ìbalẹ̀ lọ kọjá ibi tó yẹ kó ti gbé bàálù sókè padà, láìrí rọ́ńwè. 60 ọmọ iléèwé Loyola Jesuit tó ń lọ sílé fún Kérésì wà lára àwọn tó kú. Kò pé ọdún kan, ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà 2006, bàálù ADC tó ń lọ sí Sókótó já lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tó gbéra, Àbújá yìí náà. 105 ni èrò inú rẹ̀, 96 ló kú, Sultan Muhammadu Maccido sì wà lára wọn. Ìwádìí ní awakọ̀ gbéra nínú ojú ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé kò dára.

N kò mọ ohun táwọn èrò bàálù méjèèjì sọ lọ́jọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí èmi sọ. Bí bàálù Sókótó yẹn bá dúró fún ìdajì wákàtí kí ìjì kọjá, ẹnì kan ì bá lu kántà. Wọn ì bá kọ 71 sójú bébà, wọn ì bá sì kéde gbólóhùn tí kò nítumọ̀ yẹn, kí àwọn èrò máa gégùn-ún títí wọ́n á fi dé Sókótó. Wọ́n á dé Sókótó ṣá.

Láti ọjọ́ tí mo ti ro èyí, ìbínú mi ò tán, ó kàn yí ibi tó dojú kọ padà ni. Awakọ̀ tó ní òun ò lè balẹ̀ sínú òkùnkùn ní Àkúrẹ́ ò ṣẹ̀ mí. Ẹnjiníà Port Harcourt ò ṣẹ̀ mí, ì báà lo wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó ṣẹ̀ mí ni ẹni tó mọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ pé bàálù wa ti wọ wàhálà, tó tún jẹ́ kí n jókòó sórí àga irin títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti sọ fún mi ní aago mẹ́sàn-án, mo lè wọ bàálù Benin, kí n tibẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́ lójú oòrùn.

Nọ́ńbà náà pàápàá ń purọ́

N ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ rò pé òótọ́ pọ́ńbélé ló wà lójú bébà yẹn. Bọ̀dá ní ìjà ni wọ́n máa ń jà lé e lórí. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ń nàka sí ẹnì kan: àwọn elépo, àwọn tó ń kẹ́rù, àwọn ẹnjiníà, pápákọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹ̀bi sùn sílé òun, 93 sì jẹ́ ọmọ tí kò nílé, gbogbo ẹ̀bi ló lè gbà mọ́ra. Nígbà mìíràn sì rèé, èrò 30 ló ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù aago mẹ́wàá, wọ́n á dá wọn pọ̀ mọ́ ti aago méjì. Ẹ wá sọ fún mi nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ fún ìyẹn.

Ẹ rántí oṣù Èrèlé 2020, tí ọyẹ́ bo Èkó, tí àwọn bàálù òkè òkun tó ń bọ̀ ń lọ já èrò sí Àkrà. Ẹni tó filé sílẹ̀ ní London tó ń bọ̀ ní Ìkẹjà bá ara rẹ̀ ní Gáná. Ojú ọjọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọyẹ́ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ nínú irú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gbé tuntun sójú rọ́ńwè Èkó, wọn ò tíì wọ̀n ọ́n kó ṣeé lò. Ọyẹ́ lọ́mọ níbẹ̀. Ẹ mọ bàbá ẹ̀.

Òfin ti NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú, ò tiẹ̀ fara mọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń bo bébà yìí. Ẹ̀tọ́ èrò ni kí wọ́n sọ ìdí ìdádúró fún un. Bó bá kọjá wákàtí méjì, ó lè gba owó rẹ̀ padà. Bó bá wọ àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, wọ́n ní láti wá hòtẹ́ẹ̀lì fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwa ò dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, a pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wúlò la ò bi wọ́n.

41

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún wọ bàálù, láti Èkó padà sí Àbújá. Wákàtí kan kọjá, a ò gbéra. Gbohùngbohùn ké, gbólóhùn wa àtijọ́ náà ló tún jáde. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń ká apá aṣọ.

Mo rìn lọ síbi kántà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti múra sílẹ̀ de ìbínú mi, mo rí i lójú ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Àbúrò, nọ́ńbà wo ni?"

Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá wojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mọ́kànlélógójì, sà. Táyà kan ni, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ."

Mo padà lọ jókòó. Mo sọ fún ọkùnrin aláṣọ kíká náà pé táyà ni, ogójì ìṣẹ́jú. Ó wò mí tìfura-tìfura.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo bi wọ́n ni."

Ó tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti lè ra ẹ̀pà.